Aránṣọ Sùtánà Tó Ní Òun Ò Mọ Èyí Tí Òun Rí

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bú gbàmù kí n tó padà sẹ́yìn, torí bí mo bá ní kí n tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò ní kọ ọ́ tán láéláé. Mo mọ ara mi.

Ọjọ́ Àìkú ni. Ìsìn ti ń lọ sópin. Olùṣọ́ ìjọ wa ní kí ẹni tó bá ní ọpẹ́ jáde. Baba Éphraïm bá jáde láti apá àwọn ọkùnrin, ẹsẹ̀ lásán bíi ti gbogbo wa, ó ń rọra gbẹ́sẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. A rò pé ọpẹ́ ọjọ́ orí ni, torí ọdún yìí ló pé ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Àwọn obìnrin tiẹ̀ ti mú agogo lọ́wọ́, wọ́n ń retí kó dárin. Ó dúró níwájú, ó tú àmùrè aríran tó wà ní ìbàdí rẹ̀, ó ká a dáadáa, bí aránṣọ ṣe ń ká aṣọ, ó fi lé olùṣọ́ lọ́wọ́. Ó wá kọjú sí wa.

"Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé agogo yẹn sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ríran fún yín. Mi ò mọ èyí tí mo rí, mi ò sì mọ èyí tí mo kàn rò. Mo ti darúgbó. Mi ò fẹ́ kú sórí irọ́."

Èmi wà nídìí tábìlì kékeré tí mo máa ń jókòó sí, bíìkì ìkọ̀wé wà lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́ o, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mo ń kọ! Ó ti mọ́ ọwọ́ mi lára. Ohunkóhun tó bá ti ẹnu Baba Éphraïm jáde, inú kayé, ìwé ìkọ̀wé mi, ló ń bọ́ sí. Mo wo ohun tí mo kọ, mo tún un kà.

Lẹ́yìn náà ni ariwo sọ. Ọkùnrin kan tó ń gbin kajú dìde láàrin èrò.

"Baba, ìran tí ẹ rí fún mi ńkọ́, pé kí n má ra ilẹ̀ Gouka, pé ejò wà nínú rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

"Ẹ ò mọ̀! Kajú ti gba gbogbo ilẹ̀ náà báyìí, ẹlòmíì ló ń ká a!"

"Ejò ò wá bu ẹni tó rà á jẹ ni?" ni ẹnì kan bi í láti ẹ̀yìn.

"Ejò wo? Ó ti kọ́lé síbẹ̀!"

Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Olùṣọ́ na ọwọ́ sókè, ó ní ẹ̀mí ìbànújẹ́ ló ń bá Baba jà láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kí a dárin, kí a gbàdúrà fún un. A dárin lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi ò kọrin. Nǹkan kan péré ló wà lọ́kàn mi: Myriam ọmọ mi.

Ó yẹ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Priscille lorúkọ mi, ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta. Gàrí ni mo ń yan ní Bantè níbí. Mo kàwé dé CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo gba sẹtifíkáà, bàbá mi wá ní ìyẹn ti tó fún ọmọbìnrin, kí n wá máa bó ẹ̀gẹ́. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé, èdè Ìṣà là ń sọ nílé, Yorùbá tí mo ń kọ yìí, inú Bíbélì àti ìwé orin ni mo ti kọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú mi ṣe akọ̀wé ìran, torí àwọn ọkùnrin tó mọ̀wé kì í pẹ́ níbí, Cotonou ni wọ́n ń sá lọ.

Ẹni tí kò bá sí nínú ìjọ aláṣọ funfun lè máà mọ bó ṣe ń lọ. Bí orin bá ti gbóná, tí ẹ̀mí bá gbé aríran, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Bó bá jí, kò mọ ohun tó sọ. Nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí tí á máa kọ ọ́: ọjọ́, orúkọ ẹni tí ìran wà fún, ohun tí a rí, àti ohun tí ẹni náà máa ṣe, bóyá ààwẹ̀ ni, bóyá àbẹ́là ni, bóyá Sáàmù ni. Bí ìsìn bá parí, mo máa kọ ọ́ sórí bébà, mo máa fún ẹni tó ni ìran. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ọdún mẹ́tàlélógún. Àwọn kayé mi kún àpótí kan.

Baba Éphraïm fúnra rẹ̀, ọmọ Pira ni. Ó wá kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní Bantè nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, kò sì padà mọ́. Òun ló ń rán sùtánà gbogbo wa, àgbà àti ọmọdé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó máa ń ṣàwàdà, kì í bínú. Bí o bá lọ wọn aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀, á kó abẹ́rẹ́ sẹ́nu, mẹ́rin, márùn-ún, á máa fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu kò lè dá èèyàn lóhùn. Kò sí ẹni tí kì í rojọ́ fún un. Ọkọ tó ń na ìyàwó, ọmọ tí kò fẹ́ relé ìwé, ìyá ọkọ tó burú, ibẹ̀ la ń tú gbogbo rẹ̀ dà sí, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Èmi náà tí ẹ rí yìí, tí ẹnu mi kì í sinmi, ẹ lè ronú ti tèmi.

Ó dáa. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, bí ìsìn ṣe parí, mo sáré lọ sílé. Mo fa àpótí jáde. Mo ń tú kayé. Mo rí i níkẹyìn, ti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ọwọ́ ìkọ̀wé mi gan-an ni:

"Myriam ọmọ Priscille. Mo rí irin tó ń jó. Mo rí ọmọbìnrin tó ń bọ́ aṣọ funfun rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn irin. Kí ìyá rẹ̀ má ṣe gbà. Sáàmù karùndínlógójì, àbẹ́là méje, ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta."

Myriam jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún nígbà náà, ó ń kọ́ iṣẹ́ irun dídì ní Savalou. Ibẹ̀ ló ti pàdé Zoubérou. Ajórin ni ọkùnrin náà, ó ń jó irin pọ̀ fi ṣe ilẹ̀kùn àti wíńdò. Mùsùlùmí sì ni. Inú mi ò dùn sí i, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n pé inú mi ò dùn, ìyẹn yàtọ̀ sí kí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí Baba Éphraïm kígbe "irin tó ń jó" láàrin ìjọ, orí mi wú. Mo ní, ta ló sọ fún un? Kò sí ẹni tó mọ Zoubérou nínú ìjọ wa! Ohun tó mú mi gbà nìyẹn. Mo mú bébà náà lọ bá Myriam, mo ní, "Ẹ̀mí ti sọ̀rọ̀. Bí o bá fẹ́ ẹ, o kì í ṣe ọmọ mi mọ́."

Ó fẹ́ ẹ. Mo sì mú ọ̀rọ̀ mi ṣẹ. Bàbá rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó lè bá mi wí. Hermann àbúrò rẹ̀ ló ń mú ìròyìn wá fún mi: Myriam ti bímọ. Obìnrin ni. Imane lorúkọ rẹ̀. Ó ti ń rìn. Ó ti wọ iléèwé. Mi ò rí ojú ọmọ náà rí. Mo tiẹ̀ ní kí àwọn ará àdúgbò má pè mí ní Ìyá Myriam mọ́, kí wọ́n máa pè mí ní Ìyá Hermann. Ṣé ẹ rí irú ọkàn tí mo ní? Mo sì rò pé ìgbọràn ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mi ò dáná sábẹ́ agbada gàrí. Ọ̀dọ̀ Baba ni mo lọ tààrà, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Bobè. Ó wà nídìí máṣínì.

"Ẹ káàárọ̀, Baba."

"Káàárọ̀, Ìyá Myriam. Mo ti ń retí rẹ. Mo mọ̀ pé ìwọ lo máa kọ́kọ́ dé."

"Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ gbọ́. Ti Myriam. Ṣé ẹ rí i, àbí ẹ ò rí i?"

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣínì. "Jókòó."

"Mi ò jókòó."

"Jókòó jàre, orúnkún mi ò jẹ́ kí n lè wòkè."

"Orúnkún lẹ fi ń wòkè ni, Baba?"

"Ó dáa, ọrùn náà ń dùn mí. Jókòó."

Mo jókòó. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù.

"Lọ́sẹ̀ tí mo rí ìran yẹn, Priscille, ta ló wá wọn sùtánà níbí?"

Mo ronú. "Èmi ni. Sùtánà ìkórè."

"Kí lo sọ fún mi nígbà tí mo ń wọn apá rẹ?"

"Ṣé mo lè rántí? Mo máa ń sọ ọ̀pọ̀ nǹkan."

"O máa ń sọ ọ̀pọ̀ nǹkan lóòótọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ó ń jẹ́ kí ọwọ́ mi yá. Lọ́jọ́ yẹn, o ní ọmọ rẹ ti lọ rí ajórin kan ní Savalou. O ní ìmàle ni. O ní kí ìwọ tó gbà, kí iná irin ọwọ́ ọkùnrin yẹn jó ọ. O ní bí Myriam bá wọ ilẹ̀kùn yẹn, sùtánà rẹ̀ á kù sí ìta."

"Irọ́ ni!" Mo dìde. "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi!"

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dúró síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí. Mo rántí okùn ìwọ̀n tó tutù lára apá mi. Mo rántí abẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo rántí ohùn mi. Háà! Ohùn mi ni! Irin, iná, ilẹ̀kùn, aṣọ funfun, ẹnu mi ni gbogbo rẹ̀ ti jáde! Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ó padà bá mi lọ́jọ́ Àìkú, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, mo tan àbẹ́là méje lé e lórí, mo fi lé ọmọ mi jáde. Mo padà jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí arúgbó.

"Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, Baba?"

"Mo fi Ọlọ́run búra... ṣé o rí i, mi ò tún mọ bó ṣe yẹ kí n búra mọ́. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ohun tí ẹ bá sọ níbí, mo máa ń gbàgbé rẹ̀. Bó bá di ọjọ́ Àìkú tí orin bá gbóná, ara mi máa ń gbọ̀n lóòótọ́, nǹkan kan máa ń ṣí ẹnu mi. Mo rò pé òkè ló ti ń wá. Ìgbà tí Salomé kú ni ojú mi là."

Salomé ni ìyàwó rẹ̀. Ọdún mẹ́ta rèé tó kú. Mo rántí ìran náà, torí èmi ni mo kọ ọ́: Baba rí i tó dìde lórí àìsàn, tó ń ṣa kajú lóko. A jó lọ́jọ́ yẹn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí a fi sin ín.

"Òun ló sọ fún mi," ni Baba wí. "Lórí ẹní àìsàn, ó ní, 'Éphraïm, ó wù mí kí n dìde kí n lọ ṣa kajú.' Ohun tó wù ú ni mo rí. Lẹ́yìn tí a sin ín tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lọ sẹ́yìn. Aṣọ ta ni mo ń rán nígbà tí mo rí ìran báyìí? Ta ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí lọ́sẹ̀ yẹn? Ọ̀pọ̀ ni mo rí orísun rẹ̀. Ọ̀pọ̀, Priscille."

"Kò wá sí èyí tó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá rárá?"

"Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Ká ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, ì bá dẹrùn. Obìnrin kan wá láti Bobè nígbà kan, mi ò rí i rí, kò rán aṣọ lọ́dọ̀ mi, mo pe orúkọ ọmọ rẹ̀ tó sọnù. Níbo ni mo ti gbọ́ ọ? Mo ti wá a, mi ò rí ibi tó ti wá."

"Ṣé ẹ ṣì ń gbàdúrà?"

"Ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, mi ò ráyè, èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ ṣáá. Báyìí, mo dákẹ́. Òun náà dákẹ́. A jọ wà níbẹ̀."

Mo fẹ́ bínú sí i. Mo wá ìbínú náà, mi ò rí i, torí ibi tí mo bá nàka sí, ara mi ló ń kàn. Mo ní kí ló wá kù tí mo lè ṣe báyìí. Ó ní, "Ọmọ rẹ ṣì wà láàyè, kò jìnnà sí ọ. Bí o bá gbà, èmi á bá ọ lọ, kí n sọ ọ́ létí rẹ̀ fúnra mi."

Ọjọ́rú la wọ takisí lọ sí Savalou. Wọ́n há wa mọ́ra bí ìdì aṣọ, àpò gàrí mi wà lórí itan Baba. Kò wọ sùtánà, ṣòkòtò àti bùbá lásán ló wọ̀, kò mọ́ mi lójú rárá, bí ẹni pé wọ́n bó o léèpo. Mo sọ̀rọ̀ títí lójú ọ̀nà, Baba ní kí n dákẹ́ díẹ̀. Nígbà tí mo dákẹ́ ni ẹ̀rù tó bà mí. Mo ń rò ó pé: bó bá jẹ́ ohùn mi ni mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, ohùn ta ni mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí tí mo bá kúnlẹ̀? Gbogbo ìgbà tí mo ní "Olúwa sọ fún mi," ṣé Olúwa ni, àbí Priscille? Ẹ má rò pé mo sọ pé Ọlọ́run ò sí. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu mi ò gbà á. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ orí mi yìí, mo wá rí i pé mi ò mọ ìyàtọ̀ láàrin òun àti èmi. Ìyẹn lágbára ju kéèyàn máà gbàgbọ́ lọ.

Ilé wọn ò ṣòro rí ní Savalou. Ojú iṣẹ́ ajórin ló wà níwájú, iná ń fò yẹ́ríyẹ́rí, ṣọ́ọ̀bù onídìrí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Myriam jáde, ó ń fi tówẹ́ẹ̀lì nu ọwọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó ti sanra díẹ̀. Ó rí mi, ó dúró. Ó rí Baba lẹ́yìn mi, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ káàsán." Kò kúnlẹ̀. "Ẹ̀mí tún ti sọ̀rọ̀ ni? Ẹ mú kayé dání, àbí kí n lọ ra ọ̀kan wá?"

"Myriam..."

"Àbẹ́là mélòó ni lọ́tẹ̀ yìí?"

Baba ní, "Ọmọ mi, èmi ni kí o dá lẹ́bi." Ó dúró nínú oòrùn níbẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe wá wọn aṣọ, ohun tí mo sọ, bó ṣe padà jáde lẹ́nu òun, bí òun ò ṣe mọ̀. Myriam ń gbọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé kò yà á lẹ́nu. Nígbà tí Baba parí, ó bi wá léèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀:

"Ẹ̀yin méjèèjì ò jọ pète rẹ̀?"

"Pète kí ni?" ni mo ní.

"Màmá, mo wà níbẹ̀! Mo wálé láti Savalou lọ́sẹ̀ yẹn, èmi ni mo bá yín ru aṣọ funfun yẹn lọ sọ́dọ̀ Baba. Mo jókòó síta lábẹ́ wíńdò, mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yín, irin, iná, gbogbo rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú tí Baba bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo irin, mo wo ojú yín. Ẹ ń kọ ọ́. Ẹ ń kọ ọ́ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí! Mo ní, háà, ìyá mi yìí le o. Wọ́n ti lọ bẹ aríran lọ́wẹ̀ láti fi lé mi."

Mo dì mọ́ ilẹ̀kùn irin. Ọdún mẹ́sàn-án! Mo rò pé ọmọ mi ṣàìgbọràn sí Ọlọ́run. Ọmọ mi sì rò pé mo fi Ọlọ́run tan òun jẹ.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ! Nígbà tí ẹ gbé bébà yẹn wá, mo ní, 'Màmá, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá.' Ẹ ní, 'Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, òkè ló ti wá.' Kí ni mo tún fẹ́ sọ?"

"Mi ò mọ̀, Myriam. Mo gbà á gbọ́. Ẹnu mi ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn."

Ó fi tówẹ́ẹ̀lì náà sí èjìká. "Èwo ló wá dáa jù nínú méjèèjì?"

Ìbéèrè yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi.

Ọkọ rẹ̀ ló gbà wá. Zoubérou ti pa iná, ó gbé ìbòjú iṣẹ́ rẹ̀ sórí, ó gbé àga méjì wá síbi òjìji. "Ẹ jókòó, Ìyá. Baba, ẹ jókòó. Èmi gan-an ni irin tó ń jó yẹn. Ẹ wò mí dáadáa, mi ò tíì jó ẹnikẹ́ni, àfi ọwọ́ ara mi." Ó fi àpá han Baba. Baba rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́.

Ibẹ̀ la wà tí ọmọ náà fi ti iléèwé dé. Ó jọ mí! Iwájú orí mi, etí mi, ó jọ mí débi pé mo gbá àyà mú. Ó kí wa, ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Àwọn wo nìyí?"

Myriam ní, "Èrò Bantè ni. Lọ bu omi fún wọn."

Mo mu omi náà. Mo mu ún tán. Èrò Bantè ni mí, òótọ́ ni, kò purọ́ mọ́ mi. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, mo bi í bóyá mo lè padà wá. Ó ń gbá irun ilẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, kò gbójú sókè.

"Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń ráyè. Aago mẹ́wàá."

Ó mọ ohun tí aago mẹ́wàá ọjọ́ Àìkú jẹ́: àárín ìsìn gan-an ni. Inú ìjọ ni mo bí i sí, ó mọ̀ ọ́n. Mo ní mo gbọ́.

Mi ò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Ọdún mẹ́tàlélógún, àfi ọjọ́ tí mo bímọ àti ọjọ́ tí mo sin ọkọ mi, mi ò pa tábìlì yẹn jẹ rí. Bí mo bá lọ sí Savalou, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Bí mi ò bá lọ, ta ni mo tún ń sìn? Mo kúnlẹ̀ kí n béèrè, mo sì dìde láìbéèrè, torí ẹ̀rù bà mí pé mo máa gbọ́ èsì.

Lọ́jọ́ Àìkú, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, mo dúró síbi tí takisí ti ń gbé èrò, ìró àti bùbá ni mo wọ̀. Àwọn ará ìjọ ń kọjá nínú aṣọ funfun. Baba Éphraïm wà láàrin wọn, nínú sùtánà, kò sí àmùrè ní ìbàdí rẹ̀, ó ń lọ jókòó ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ó kí mi, kò dúró. Olùṣọ́ ló dúró.

"Priscille! Ìsìn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìwọ ń wọ takisí? Ta ló máa kọ ìran?"

"Ẹ bá mi wá ẹlòmíì, olùṣọ́."

"Ẹ̀mí ló rán ọ níṣẹ́ ni?"

"Rárá o. Ọmọ mi ló ní kí n wá."

Ó ya ẹnu. Takisí gbéra kó tó pa á dé.

Mo bá Myriam nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sí oníbàárà. Ó kí mi, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní kí n tú gèlè mi. Mo tú u. Irun mi ti funfun níwájú, ó sì ti ta kókó, torí abẹ́ fìlà ìjọ ló máa ń wà, mi ò ka ìtọ́jú rẹ̀ sí. Ó ṣe ṣìọ̀. Ó tì mí jókòó sórí àga kúkurú láàrin orúnkún rẹ̀, ó mú òòyà. Ó ń fà á. Kò rọra rárá. Omi ń bọ́ lójú mi, bóyá ti òòyà ni, bóyá ti nǹkan mìíràn ni.

"Ó ń dùn yín?"

"Ó ń dùn mí."

"Ẹ fara dà á," ló wí, ó sì tún ya ìlà mìíràn.